Ilé Tí Kò Lè Mí

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá

Burja, ìjì líle olótùútù àdúgbò wa, dé láàárọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Ó já bọ́ láti orí òkè Nanos bí ajá tí wọ́n tú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbá ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣubú lójú títì. Awakọ̀ rẹ̀ kú. Méjì nínú òkúta tí a tò sórí òrùlé wa kí ìjì má bàa ṣí i fò kúrò, ọ̀kan sì fọ́ àga tí Màmá máa ń jókòó sí láti yá oòrùn. Ìbá jẹ́ oṣù tó kọjá ni, orí rẹ̀ ni ìbá fọ́.

Inú ilé ló yẹ kó jẹ́ ààbò, ṣùgbọ́n èéfín lé wa jáde níbẹ̀. Mo dáná sí ààrò ní aago méje. Iná náà kàn ń wò mí bí aláìsàn. Mo fẹ́ ẹ títí ojú mi fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni èéfín tú jáde lẹ́nu ààrò, ó sì kún gbogbo ilé. Màmá wúkọ́ títí ó fi bì.

Egon àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ní èéfín ti dé orí ibùsùn òun. Kò bi Màmá bó ṣe ń ṣe é. Ó ta korobá eérú nípàá, eérú gbígbóná sì fò lu ògiri. Ó ní kí n gbé ààrò Bàbá yẹn, ẹrù òkú, sọnù kí òun tó fi òòlù fọ́ ọ. Mo gbá eérú.

Ọjọ́ kọkànlá

Burja ò tíì dúró. Mo fi ọṣẹ fọ dúdú kúrò lára ògiri, kò lọ tán. Ẹrù igi ìdáná kan ti di àádọ́rùn-ún yúrò. Àádọ́rin ni lọ́dún tó kọjá.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkùnrin tó ń gbá ọ̀pá èéfín wá. Ó ki bùrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ̀ ọ́ láti orí òrùlé títí dé ìsàlẹ̀, ìwọ̀nba dúdú tó bọ́ kò kún páànù kékeré. Ó ní ọ̀pá náà mọ́ ju ti ilé òun lọ, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó lọ tán ni mo dáná, tí èéfín tún dé. Mo la fèrèsé díẹ̀, bí ìka kan, kí Màmá lè rí atẹ́gùn. Lójú ẹsẹ̀ ni iná dìde. Mo ti fèrèsé, iná dọ̀bálẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin bí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. Lẹ́yìn náà ni mo tan fáànù tó ń fa òórùn ọbẹ̀ jáde nídìí àdògán, èéfín sì tú lu ojú mi bí ẹni pé fáànù náà pè é.

Oṣù Kẹjọ ni Egon ki fèrèsé tuntun sí gbogbo ilé, èyí tó ní rọ́bà yíká etí rẹ̀. A bá a yọ̀ nígbà náà, torí burja ò tún rí ibi gbà wọlé mọ́. Mo gòkè lọ sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní kí n má wulẹ̀ fi ẹ̀bi kan fèrèsé òun. Ó ní òun mọ ohun tó yẹ kó kúrò nínú ilé yìí, òun sì ti mọ̀ ọ́n láti ọmọdé.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Màmá bi mí pé kí ló dé tí Egon fi kórìíra ààrò yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bí ẹni tí kò mọ̀.

Nígbà náà, Egon jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó da ìgò wáìnì kan ṣoṣo nù. Bàbá mú ọwọ́ òsì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin orí ààrò, ó sì dì í mú níbẹ̀. Mo wà lórí àtẹ̀gùn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Màmá ń fọ àwo. Kò yíjú padà. Èmi náà ò sọ̀ kalẹ̀. Títí di òní olónìí, ọwọ́ yẹn kì í là tán.

Mo sọ fún Màmá pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́ ogún

Ọ̀gá Bogomil wá. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, òun ló mọ ìdajì àwọn ààrò tó wà ní àfonífojì yìí. Kò wo ààrò rárá nígbà tó wọlé. Fèrèsé ló ń fọwọ́ pa.

"Ta ló dí ẹnu ilé yín báyìí?"

Mo ní Egon ni.

"Ó mọṣẹ́," ló wí. "Ó mọṣẹ́ jù."

Ó tan ìwé kékeré kan lẹ́nu ààrò, ó ní kí n tan fáànù. Ọwọ́ iná ìwé náà yí padà, ó kọjú sí wa. Ó ní kí n pa fáànù, kí n la ilẹ̀kùn. Ọwọ́ iná náà yí padà wọnú. Ó ní ṣé mo rí i báyìí. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ọ̀pá èéfín jáde gbọ́dọ̀ ní arọ́pò. Tẹ́lẹ̀, ihò abẹ́ ilẹ̀kùn àti ara fèrèsé jíjẹrà ni ààrò ti ń rí i. Ní báyìí tí gbogbo rẹ̀ ti dí, inú ọ̀pá èéfín ni ilé ti ń mí wọlé, bó bá sì ti mí, èéfín ló ń fà.

Ó ní òun máa lu ihò gba ara ògiri, òun á ki páìpù sí i tààrà dé abẹ́ ààrò, kí iná lè máa jẹ afẹ́fẹ́ ìta láìbéèrè ti inú ilé. Nígbà tó ń lọ, ó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n wá ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí gáàsì iná bá pọ̀ nínú ilé. "Èéfín tí ẹ rí, á kàn mú yín wúkọ́ ni. Èyí tí ẹ ò rí ni kí ẹ bẹ̀rù."

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

A lu ihò. Ẹsẹ̀ bàtà méjì àti díẹ̀ ni ògiri òkúta wa nípọn. Ní aago mẹ́wàá, ẹnu ẹ̀rọ há sínú òkúta, ẹ̀rọ náà sì yí Ọ̀gá Bogomil lọ́wọ́, ó gbé e lu ilẹ̀. Ó dìde, ó tu ẹ̀jẹ̀ ètè sọnù, ó tún mú un. Ọ̀sán ti pọ́n kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé láti ìhà òkè Nanos.

Kò sí burja. Mo dáná. Iná dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Màmá tú ìborùn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kejìlá

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n fi báńdéèjì wé, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí.

Burja dé ní kété tí a jẹun àárọ̀ tán. Ó ń wọ inú páìpù tuntun náà lọ ṣìnṣìn, ààrò sì ya wèrè. Mi ò rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ń bú nínú irin bí akọ màlúù. Ọ̀pá èéfín kọ́kọ́ pọ́n lẹ́sẹ̀, pípọ́n náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí àjà. Irin orí ààrò sán bí ìbọn, ó là sí méjì. Iná ta jáde lójú ibi tó là, ó jó irun iwájú Màmá.

Èèyàn kì í da omi sí irúfẹ́ iná yẹn. Mo gbá gbogbo eérú tó wà nínú korobá dà á lójú, ibẹ̀ ni mo ti jóná. Mo sáré jáde láti dí ihò náà. Burja gbé mi lu igi ọgbà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ara ògiri. Mo fi àpò tútù dí i, mo fi ẹ̀yìn tì í, mo dúró síbẹ̀ títí omi ara àpò fi di yìnyín mọ́ aṣọ mi.

Egon ló wá fà mí kúrò. Ó ti rí ọ̀pá pípọ́n náà láti òkè. Ó wo ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ sì funfun.

Ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá Bogomil wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé imú ni mo lu fún un. Àṣé ẹwìrì ni." Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bo ibi tó là. Ó ní kò dára tó tuntun, ṣùgbọ́n á gbé wa dé ìgbà ìrúwé.

Ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀gá Bogomil dí ihò ìhà Nanos, ó lu òmíràn sí ìhà kejì, níbi tí ara ilé ti ń dí burja lọ́nà. Ọ̀dọ̀ Egon nìyẹn, níbi tí ó máa ń to ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pákó tí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Egon ní kò sẹ́ni tó máa lu ihò kankan sí àgbàlá òun. Màmá dáhùn láti orí ibùsùn pé ilé òun ni, títí òun ó fi kú. Egon fi orí lu ilẹ̀kùn nígbà tó ń jáde. Orí ara rẹ̀ ni o, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ilé pákó Egon ti jó di eérú.

Ní aago kan ọ̀sán, burja ń fẹ́ lórí òrùlé bíi pé ó fẹ́ fi eyín gbé e lọ. Mo ti fi igi mẹ́ta sínú ààrò. Mo rí i tí ọwọ́ iná sùn sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló sùn sí ìsàlẹ̀, ó wá wọnú páìpù tó yẹ kó máa fún un ní afẹ́fẹ́. Ààrò ń mí sẹ́yìn. Ìfà tó wà lẹ́yìn ilé ti borí ti ọ̀pá èéfín. Mo gbọ́ tí nǹkan ń ta pàràpàrà níta, mo sáré dé ibẹ̀, iná sì ń tú jáde lára ògiri bí ahọ́n, ó ń lá ẹ̀ka àjàrà. Kí n tó pariwo, burja ti gbé e fún ilé pákó.

Àwọn panápaná abúlé dé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fọ́n omi wọn padà sójú wọn. Ọ̀gá Bogomil náà ti rí èéfín, ó sáré wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Egon pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó kọ́kọ́ fi orí kàn án nímú. Nígbà tó ṣubú, ó fi bàtà gbá a lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó ń ta á nípàá ní ìhà, láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Mo di kóòtù rẹ̀ mú, ó gbọ̀n mí lu ògiri. Àwọn panápaná mẹ́ta ló fà á kúrò.

Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n dì í mú. Ojú Bàbá ni.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Eyín méjì ló bọ́ lẹ́nu Ọ̀gá Bogomil, egungun ìhà rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Mo fi ọkọ̀ gbé e láti ilé ìwòsàn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ló dáná sun ilé pákó ọmọkùnrin náà, kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá. Inú bí mi. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ lu èèyàn gbọ́dọ̀ dúró níwájú òfin kó sọ ohun tó ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tán láéláé. Mo ní nínú ilé wa, ẹnìkan ṣoṣo ló jọ Bàbá, èmi ò sì ní bò ó láṣìírí.

Ó fi áńkáṣífù bo ẹnu, ó ní kí n gbé òun lọ sílé.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kérésì. Kò sí iná nínú ààrò. Ẹ̀rọ amúlégbóná oníiná kékeré kan la yí ká. Ètè Màmá dúdú. Egon ò sọ̀ kalẹ̀, a ò sì pè é.

Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kìíní

Ọ̀gá Bogomil padà wá. Mi ò ránṣẹ́ pè é. Eyín tó bọ́ mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa fọn bí ìfé, kò sì lè gbé nǹkan wúwo, ṣùgbọ́n ó ní òun ti ń rò ó lórí ibùsùn títí ó fi yé òun. Ó ní àṣìṣe òun ni pé òun yan ìhà kan. Ìhà tí burja ti ń bọ̀ ń tì, ìhà tó ń lọ ń fà. Ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí wáìnì àti tọ́nípù kíkan, ẹ̀fọ́ tí a rẹ sínú agbá, wà, ó fi ojúlé kékeré méjì onílẹ̀kùn irin tó wà lára ògiri hàn mí, ọ̀kan lápá Nanos, ọ̀kan lápá Egon. Bí méjèèjì bá ṣí, ohun tí ọ̀kan bá tì wọlé ni èkejì á fà jáde. Láàárín wọn, afẹ́fẹ́ á dúró jẹ́ẹ́. Láti ibẹ̀ ni páìpù yóò gba abẹ́ ilẹ̀ dé abẹ́ ààrò.

Ojúlé apá Egon ti há láti ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀gá Bogomil kò lè ṣí i pẹ̀lú ìhà rẹ̀ yẹn, èmi náà ò lè fi ọwọ́ mi ṣe é. A ní a ó gbìyànjú lọ́la.

Ọjọ́ keje

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ojúlé náà ti ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti ha ìpata rẹ̀, wọ́n ti fi gíríìsì pa ìdè rẹ̀. Ọ̀gá Bogomil wò mí, mo wò ó. Kò sẹ́ni tó gòkè lọ dúpẹ́.

Ọjọ́ kejìlá

Burja. Rédíò ní ó tó àádọ́jọ kìlómítà ní wákàtí kan. Ó ṣí òrùlé ilé ìjọsìn abúlé kejì, ó gbé ewúrẹ́ kan kọjá ọgbà.

Iná wa dúró gbọnin. Mo tan fáànù, kò mira. Mo pa á, kò mira. Mo jókòó síwájú rẹ̀ fún wákàtí méjì, mi ò ṣe nǹkan kan. Màmá jẹ jota, ọbẹ̀ tọ́nípù kíkan wa, àwo méjì, ó ní ẹ̀wà inú rẹ̀ kò tó.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ku ohun kan. Bí burja bá ti wọ àádọ́rùn-ún kìlómítà, páìpù náà a máa ké. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á wá lọ sókè, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Egon lu ògiri ní òwúrọ̀ títí awọ fi bó lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa ariwo yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi fúnra mi ni màá dí i."

Mo ní kó dán an wò.

Ọ̀gá Bogomil ní kí a mú sùúrù, òun á ṣe àpótí onírun àgùntàn tí yóò pa ohùn náà. Mo tún lọ béèrè ẹ̀rọ tó máa ń ké bí gáàsì bá pọ̀. Ilé ìtajà ní ó ti tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Àná ni. Burja ti wà níta fún ọjọ́ méjì. Mo fi Màmá sílẹ̀ nídìí ọbẹ̀, fáànù ń ṣiṣẹ́, mo lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo ń wọlé, n kò gbọ́ igbe páìpù. Inú mi kọ́kọ́ dùn.

Ológbò wa nà gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti kú. Màmá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán. Kò sí èéfín kankan nínú ilé. Iná inú ààrò ti sùn, ó ń ràn pẹ́pẹ́ lábẹ́ eérú.

Mo gbá a mú lábẹ́ abíyá, mo wọ́ ọ jáde. Afẹ́fẹ́ gbé àwa méjèèjì ṣubú lórí òkúta. Mo pariwo, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Egon ló já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ó gbé Màmá bí ọmọ ọwọ́, ó gbé e lọ sí abẹ́ ògiri tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Mo rí ẹnu páìpù. Wọ́n ti fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ búlúù dí i pinpin. Ṣẹ́ẹ̀tì Egon ni.

N kò rántí bí mo ṣe gun òkè. Mo mọ̀ pé mo mú igi ìdáná kan lórí òkìtì, mo tilẹ̀ ju àkọ́kọ́ tí mo mú sílẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́. Egon ti tẹ̀ba lé Màmá, ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Mo fi igi náà là á léjìká. Mo gbọ́ tí egungun dá. Mo tún là á. Kò yíjú, kò gbé ọwọ́ sókè. Ó kàn tẹ́ ara rẹ̀ lé Màmá, ó fi ọwọ́ bo orí rẹ̀ fún un. Ó rò pé òkúta òrùlé ló ń já lu àwọn. Mo rí i pé ohun tó rò nìyẹn. Mo tún là á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìgbà náà ló tó wẹ̀yìn.

Àwọn tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ ilé ìwòsàn bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní òkúta bọ́ lórí òrùlé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kìíní, Oṣù Kejì

Màmá lajú. Dókítà ní bí ó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ìtàn á yàtọ̀. Mo sọ fún Màmá pé Egon dí páìpù, pé ọlọ́pàá máa gbọ́ ọ.

Ó wo àjà títí.

"Èmi ni mo dí i."

Mo ní ṣé ó fẹ́ gba ìyà rẹ̀ jẹ ni.

"Èmi ni, Milojka. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bu tọ́nípù. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn wà lórí agbá. Páìpù yẹn ń ké bí Egon ṣe máa ń ké lọ́mọdé. O kò gbọ́ ọ ni? Bó ṣe máa ń ké gan-an nìyẹn. Mi ò lè tún dúró kí n máa gbọ́ ọ."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá, tí wọ́n sì tún kó o lọ.

Ọjọ́ kejì

Egungun èjìká Egon dá sí ọ̀nà mẹ́ta, egungun ìhà rẹ̀ méjì sì ṣẹ́. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n wà, àjà tó tẹ̀ lé ti Màmá ni tirẹ̀. Mo jókòó létí ibùsùn rẹ̀. Mo ní Màmá ló dí páìpù, kì í ṣe òun. Mo ní mo rò pé òun ni. Mo ní, jẹ́ kí n sọ ọ́ síta: kò sí ìdí tó lè tó fún ìkẹta tí mo là ọ́.

Ó ní òun yíjú ní ìkẹta. Òun rí mi.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ pé òkúta ni. Ó ní nínú ilé wa, òkúta la máa ń sọ. Ó bi mí pé ṣé mi ò rántí, pé òun já bọ́ lórí igi lẹ́ẹ̀mejì, òun fọwọ́ kan ààrò lẹ́ẹ̀kan, òun sì ṣubú lórí àtẹ̀gùn títí kò fi lónkà. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ìbá sàn kó bínú.

Ọjọ́ kẹrin

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin kékeré kan ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo sọ iye ìgbà, mo sọ irú igi tó jẹ́. Ó ní ẹni tí mo lù ti sọ pé òkúta ni. Mo ní irọ́ ló pa. Ó ní kí n lọ ronú sí i kí n tó fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i lójú rẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Bogomil kọjá, mo sọ fún un pẹ̀lú. Ó ń kan àpótí onírun àgùntàn. Kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun di etí pákó mú.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

A fi àpótí náà sí ẹnu páìpù. Ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì bá pọ̀ wà lára ògiri báyìí, mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ké, Màmá bú u. Ilé ẹjọ́ ti kọ̀wé. Oṣù Kẹrin ni màá lọ jẹ́jọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Burja, ọgọ́jọ kìlómítà. Igi kan wó lu ilé aládùúgbò, ó wọ inú yàrá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí nílé. Ààrò ń jó láìsọ̀rọ̀. Páìpù kò ké.

Wọ́n dá Egon sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn lánàá. Mo se polẹ́ńtà, òkèlè àgbàdo wa, mo fi ẹran síbẹ̀, mo fi igi lu àjà lẹ́ẹ̀kan bí a ṣe máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Mi ò retí rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n so apá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó kí Màmá. Ó fa àga rẹ̀ kúrò níbi tó máa ń wà, ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé e lọ sí òdìkejì tábìlì.

Mo bù ún. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo na ọwọ́, èjìká rẹ̀ tó yè fò sókè, ó sì tètè rọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí Màmá má bàa rí i. Èmi rí i. A jẹun. Kò wo ojú mi, kò sì wo oúnjẹ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò títí a fi jẹun tán, mo sì gbé méjèèjì lé orí tábìlì fún un.